Bí a ṣe ń fi ilé kan gbé físà ìfẹ̀yìntì Portugal ró nígbà tí a bá ń rìn káàkiri ibẹ̀

Físà D7 ni Portugal ń fún ẹni tí owó ń wọlé fún láìṣe iṣẹ́ oṣù mọ́: owó ìfẹ̀yìntì, owó ilé tí ó fi háyà, èrè orí owó tó fi pamọ́. Àwọn àgbà wa láti Kàbbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ tí wọ́n ti lo ọdún gbọọrọ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń béèrè bóyá àwọn lè gbà á, kí wọ́n sì máa rìn láti Lisbon dé Porto, dé Évora, títí dé etíkun Algarve, láìjókòó síbì kan. Ó ṣeé ṣe. Àgbẹ̀ lè ní abà mẹ́ta, ilé kan ni ẹbí mọ̀ ọ́n mọ́. Ilé kan náà ni ìjọba Portugal fẹ́ mọ̀ yín mọ́. Bí ilé náà bá yẹ̀ lórí ìwé, físà yóò mì.

Ẹ kọ́kọ́ wo owó, nítorí owó ló máa sọ ìlú tí ẹ ó gbé. Iye tó kéré jù tí wọ́n ń béèrè jẹ́ iye owó oṣù tó kéré jù lọ níbẹ̀: 870 yúrò lóṣù ní 2025, 920 yúrò ní 2026. Ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un fún ìyàwó tàbí ọkọ. Owó ìfẹ̀yìntì náírà nìkan kì í sábà tó o, bí kò bá sí owó háyà tàbí owó ìfẹ̀yìntì láti òkè òkun tí yóò gbè é lẹ́sẹ̀. Owó ilé ní Lisbon àti ní etíkun lè jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Owó ilé ní àwọn ìlú inú ilẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà ìrìn: Viseu àti Bragança kò ní ọkọ̀ ojú irin, Castelo Branco àti Guarda ní in. Fún ẹni tó fẹ́ máa lọ máa bọ̀, Castelo Branco la máa dá lábàá, nítorí ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀ ń lọ tààrà sí Lisbon. Ẹni tó bá ti pé ọdún 65 sì ń san ìdajì owó ọkọ̀ ojú irin CP, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Portugal.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gba NIF, ìyẹn nọ́ńbà owó orí. Agbẹjọ́rò lè bá yín gbà á láti ilé. Òun lẹ ó lò fún báńkì, òun náà lẹ ó lò fún ìwé ilé.

Ìwé ilé gan-an ni iṣẹ́ wà. Ní tiwa, ènìyàn lè san owó ọdún méjì fún onílé, kí ó gba rìsíìtì, kó sì kó wọlé. Ìyẹn kò ní ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀sẹ̀ méjì tàbí yàrá àwọn arìnrìn-àjò kò lè dúró fún ibùgbé ẹni tó fẹ́ gbé ìlú. Àdéhùn oṣù 12 ni kí ẹ wá, kí ó sì wà nínú rẹ̀ pé ilé ìgbé ni, kì í ṣe ilé ìsinmi. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ní kí onílé fi caderneta predial hàn yín, ìwé tó ń sọ ẹni tó ni ilé. Orúkọ orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá orúkọ tó wà nínú àdéhùn mu. Orúkọ tiyín náà gbọ́dọ̀ rí bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà sí lẹ́tà. Àdírẹ́sì gbọ́dọ̀ ní àjà àti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn: «2.º Esq.» ni àjà kejì, apá òsì. Bí ìyẹn bá sọnù, lẹ́tà yín yóò máa já sí ilé ẹlòmíràn.

Onílé gbọ́dọ̀ forúkọ àdéhùn náà sílẹ̀ ní Finanças, ilé iṣẹ́ owó orí, kí ó sì san owó òǹtẹ̀ tó jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé oṣù kan. Ibí yìí ló ti ń bàjẹ́ jù. Onílé tó ń sá fún owó orí yóò ní kí ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, yóò sì dín owó kù fún yín. Ẹ má gbà. Àdéhùn tí Finanças kò mọ̀ kì í lágbára lójú àwọn tó ń yẹ ìwé wò. Ẹ má sì san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan bí a ti ń ṣe nílé. Owó àsanṣáájú kò gbọdọ̀ ju ti oṣù méjì lọ, kọ́ṣọ̀n náà kò gbọdọ̀ ju ti oṣù méjì lọ. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí ìbátan tó ń gbé ibẹ̀, ó lè kọ termo de responsabilidade pé òun yóò gbà yín sílé, pẹ̀lú ẹ̀rí ilé tirẹ̀.

Ìwé ń lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Portugal ní Àbújá. Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn Apostille, èyí tó ń jẹ́ kí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tó fún ìwé tó ń lọ sí òkè òkun, nítorí náà ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba òǹtẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó ń bọ̀ láti Kàbbà gba Ọbájánà àti Lọ́kọ́jà kó má ṣe rò pé ọjọ́ kan yóò tó.

Físà náà ń lo oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ lè fi wọlé. Láàárín oṣù mẹ́rin yìí, ẹ má rìn jìnnà. AIMA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì níbẹ̀, tó gba ipò SEF àtijọ́ ní oṣù kẹwàá 2023, yóò gba ìka ọwọ́ yín, yóò sì fi káàdì ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ilé náà. Bí kò bá sí ẹni tó gbà á, káàdì yóò padà. Ẹ lẹ orúkọ yín mọ́ àpótí lẹ́tà, ẹ yí àdírẹ́sì NIF padà láti Nàìjíríà sí ilé tuntun (ọ̀pọ̀ ń gbàgbé èyí), kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ibùgbé ní Junta de Freguesia, ìjọba àdúgbò ibẹ̀.

Káàdì wọlé tán, ẹ máa rìn. Nínú Portugal, títí kan Madeira àti Açores, kò sí iye ọjọ́ tí wọ́n fi dè yín. Hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ bá sùn ní láti kọ orúkọ yín ránṣẹ́ sí ìjọba láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, nítorí náà ẹ fi orúkọ ara yín sùn. Ẹ jẹ́ kí báńkì máa san owó ilé fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, kí iná àti omi wà ní orúkọ yín. Jíjáde kúrò ní Portugal ló ní òǹkà: káàdì ọdún méjì àkọ́kọ́ kò gbà kí ẹ wà níta ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí oṣù mẹ́jọ lápapọ̀. Ọjọ́ tí ẹ lò ní Sípéènì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wálé ṣe Kérésìmesì, tó tún dúró ṣe òkú, tó wá dúró gbin iṣu, lè kọjá oṣù mẹ́fà kó tó mọ̀. Bí àìsàn bá dá yín dúró, ẹ kó ìwé dókítà pamọ́, kí ẹ sì tètè kọ̀wé sí AIMA.

Bí ẹ bá fẹ́ kó lọ sílùú mìíràn, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tuntun kí ẹ tó fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Àdéhùn ọdún kan ṣeé fi sílẹ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò rẹ̀ bá ti kọjá, pẹ̀lú ìfilọ̀ ọjọ́ 120. Láàárín ọjọ́ 60 lẹ ní láti sọ fún AIMA pé ẹ ti kó. Onílé tí kò fẹ́ tún àdéhùn ọdún kan ṣe náà gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ 120 kọ̀wé sí yín, inú àpótí lẹ́tà yẹn ni ìwé rẹ̀ yóò wọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ sí Algarve fún oṣù méjì, ẹ fún aládùúgbò kan tí ẹ fọkàn tán ní kọ́kọ́rọ́ àpótí náà, kí ó máa ya fọ́tò gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp.