Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà pìríńtà yín dúró sójú kan

Ìdájí ni iná dé lọ́jọ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Agbowó. Mo tan router, mo tan pìríńtà, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn mẹ́rin sì ti dúró sí mi lórí pẹ̀lú próójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní "Offline". Mo yọ wáyà, mo dá a padà sáyè rẹ̀, mo pa gbogbo rẹ̀, mo tún un tàn. Ọmọbìnrin kan nínú wọn bú sẹ́kún, ó dùn mí wọra. Àṣé kò sí nǹkan kan tó ṣe pìríńtà. Nọ́ńbà rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń rí i lórí Wi-Fi ló yí padà.

Router ló ń pín nọ́ńbà fún gbogbo ohun tó bá wọ Wi-Fi. Tí iná bá lọ tó sì dé, ó lè tún un pín, kí nọ́ńbà tó jẹ́ ti pìríńtà lánàá bọ́ sọ́wọ́ fóònù oníbàárà lónìí. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀, ilé àtijọ́ ló ṣì ń gbé iṣẹ́ lọ. Àbúrò ọkọ mi ló fi ojú ewé tó wà nínú pìríńtà fúnra rẹ̀ hàn mí. Kò gba dátà, kò gba íntánẹ́ẹ̀tì. Kí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín ṣáà ti wà lórí Wi-Fi kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ lọ sí Network tàbí Wireless nínú mẹ́nù pìríńtà, kí ẹ ní kó tẹ ìròyìn nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ jáde. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ IPv4 Address sí, irú bíi 192.168.1.37. Tó bá jẹ́ 169.254 ló ṣíwájú, router kò tíì fún un ní nọ́ńbà rárá. Ẹ yẹ Wi-Fi tàbí wáyà rẹ̀ wò ná. Ẹ ṣí Chrome, kí ẹ tẹ http:// àti nọ́ńbà náà sí ibi àdírẹ́sì lókè pátápátá. Ó lè kìlọ̀ fún yín pé ibẹ̀ kò láàbò, torí pé pìríńtà ló fúnra rẹ̀ ṣe ìwé ẹ̀rí tó ń fi hàn. Ẹ tẹ Advanced, kí ẹ sì kọjá. Pìríńtà tiyín nìkan ni kí ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀ o, ẹ má dán an wò lórí ojú ewé báńkì.

Páásíwọọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń wà lára ẹ̀rọ náà tàbí nínú ìwé rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá sì fún ní Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù lè wọlé. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ rà, páásíwọọ̀dù ẹni àkọ́kọ́ lè ṣì wà níbẹ̀. Ẹ dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tó jẹ́ tuntun. Ẹ wo ìwọ̀n bébà rẹ̀ náà. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, Letter ni wọ́n sábà máa ń tò ó sí, 216 sí 279 mílímítà, bẹ́ẹ̀ A4 tiwa jẹ́ 210 sí 297. Ohun tó lè mú kó máa bèèrè bébà nígbà tí bébà kún inú rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá kan nọ́ńbà náà gan-an. Ẹ ṣí ojú ewé router (nọ́ńbà tirẹ̀ ni Default Gateway tó wà nínú ìròyìn yẹn), ẹ wá Address Reservation, kí ẹ fi MAC address pìríńtà (àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n ṣe mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́) síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ kó máa jẹ́ tirẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju kí n kọ nọ́ńbà sínú pìríńtà lọ, torí bí pìríńtà tilẹ̀ gbàgbé ohun gbogbo, router á rántí. Tí router yín kò bá ní in, ẹ yan Manual nínú pìríńtà, ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà náà má ṣe sí lára àwọn tí router ń pín: tó bá ń pín láti 192.168.1.100 dé 192.168.1.199, ẹ mú 192.168.1.20. Lẹ́yìn náà, lórí Windows kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ Printer properties, ẹ wọ Ports, ẹ fi Standard TCP/IP Port kún un, kí ẹ kọ nọ́ńbà tuntun náà síbẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà tèmi sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ pìríńtà.

Ní alaalẹ́, kí n tó tilẹ̀kùn, mo máa ń ṣí Usage nínú ojú ewé pìríńtà lórí fóònù, kí n kọ iye ojú ìwé tó ti tẹ̀ sínú ìwé. Mo yọ ti àná kúrò nínú ti òní, mo fi wé owó tó wọlé àti bébà tó bàjẹ́. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ, torí ó ń gbèjà rẹ̀: kò sí ọjọ́ tí mo tún bi í pé bébà dà.

Tí pìríńtà bá ní kí ẹ gba firmware tuntun (ètò inú rẹ̀ tó ń darí rẹ̀), ẹ má ṣe é lórí iná tó lè lọ nígbàkúùgbà. Bí iná bá já láàárín rẹ̀, ẹ̀rọ náà lè má jí mọ́. Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń ṣe tèmi, tí epo bá kún jẹnẹrétọ̀, tí oníbàárà kò sì tíì dé.