Bí Dọ́kítà Tuntun Ṣe Lè Fi Àpò Ìtọ̀ Àgbò Kọ́ Iṣẹ́ Abẹ

Lọ́dún 2002, Edward Matsumoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto gbé ìwádìí kan jáde tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ní Ìlọrin mọ̀. Wọ́n pín akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn 40 tó wà ní ọdún àṣekágbá sí ọ̀nà mẹ́ta, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń yọ òkúta tó há sí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín wá sí àpò ìtọ̀. Àwọn kan gbọ́ àlàyé olùkọ́ nìkan, àwọn kan fi ẹ̀yà ara àtọwọ́dá tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là Kánádà 3,700 kọ́ ọ, àwọn yòókù sì lo èyí tí a fi ife, rọ́bà àti sítírọ́ọ̀ tò pọ̀ ní dọ́là 20. Àwọn tó fọwọ́ ṣe é ta àwọn tó gbọ́ àlàyé nìkan yọ, ṣùgbọ́n kò sí ìyàtọ̀ gbòógì láàárín àwọn tó lo olówó gọbọi àti àwọn tó lo olówó pọ́ọ́kú.

Nítorí náà, dọ́kítà tó ń ṣe háósì jọ́ọ̀bù ní Òkè-Òsè tàbí ní Ọ̀ffà kò ní láti dúró de ẹ̀rọ òkè òkun. Rírán àpò ìtọ̀ ni èmi yóò ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún yín bóyá ẹ ṣe é dáadáa.

Ẹ tọ àwọn alápatà Akérébíata lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ àpò ìtọ̀ àgbò fún yín láìfi ọ̀bẹ kàn án. Níbòmíràn, ẹ̀yà ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò; ẹni tó bá gbé ìyẹn wọ yàrá ìkọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin, òun nìkan ni yóò kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà. Lásìkò Iléyá ẹ̀wẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé e sórí yìnyín, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì lò ó lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ kàn án mọ́ pákó, kí ẹ là á ní gígùn bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Òwú tó máa ń yòrò nínú ara ni kí ẹ fi rán an, nítorí pé òwú tí kì í yòrò lè di ìdí òkúta nínú ìtọ̀ ènìyàn. Ẹ lè tọrọ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ní tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ti ìkọ́ṣẹ́ ni, kó má baà padà sórí pẹpẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn igun ojú abẹ, ẹ jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ yí tẹ̀lé títẹ̀ abẹ́rẹ́, ẹ má sì fi irin fún ẹran náà pa. Lẹ́yìn ìpele kìíní, ẹ rán ìkejì bò ó.

Ìdánwò ló kù: ṣé ibi tí ẹ rán yóò jò? Ẹ ti rọ́bà ìtọ̀ bọ ọrùn àpò náà, ẹ so ó pinpin, kí ẹ sì fi síríńjì ńlá rọ omi zóbò sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí so ojú ọ̀nà méjèèjì tó ti ọ̀dọ̀ kíndìnrín wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ óò máa bínú sí ojú rírán tí kò ṣẹ̀ yín. Igun ojú abẹ ni pupa sábà máa ń kọ́kọ́ yọ.

Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ kan. Lọ́dún 2006, Carol-anne Moulton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi dọ́kítà 38 dán ìyẹn wò lórí síso ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tíńtín pọ̀: àwọn tó kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣe é dáadáa lẹ́yìn oṣù kan ju àwọn tó kọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ. Sátidé mẹ́rin tó.

Ẹ fi fóònù ya fídíò ọwọ́ yín nìkan, láìsí ojú, láìsí orúkọ, kí ẹ fún ọ̀gá kan tó mọṣẹ́ láti fi OSATS, ìwọ̀n tí a fi ń fún ọgbọ́n ọwọ́ nínú iṣẹ́ abẹ ní máàkì, gbé e yẹ̀ wò: nǹkan méje ni, bíi bí a ṣe ń ṣìkẹ́ ẹran ara àti bí a ṣe ń lo irin, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 5, àpapọ̀ 35. Ẹ má fún ọ̀rẹ́ yín.

Tí ẹ bá parí, inú àpótí abẹ́rẹ́ ni abẹ́rẹ́ ń lọ, ẹran náà sì ń lọ sínú iná ilé-ìwòsàn, kì í ṣe inú ọbẹ̀.