Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí títo kọ̀ǹpútà kékeré tí kì í pariwo

Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá, tàbí tó ń gé fídíò lóru nígbà tí àwọn ará ilé ti sùn, mọ ìdí tí kọ̀ǹpútà tí kì í pariwo fi níyì. Kékeré náà ní àǹfààní tirẹ̀: kéèsì (àpótí kọ̀ǹpútà) lítà 10 kò gba àyè lórí tábìlì, èèyàn sì lè gbé e sí báàgì láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kékeré àti ìdákẹ́jẹ́ kì í fẹ́ gbé pọ̀. Ibi tó há, ooru kì í tètè ríbi gbà jáde. Bí ooru ò bá jáde, fáànù á sáré. Bí fáànù bá sì ti ń sáré, ariwo dé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tò ó fúnra wọn ló ń bá ariwo jà nígbà tó yẹ kí wọ́n ti bá ooru jà.

Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe tó ń bí àwọn yòókù fi jẹ́ pé èèyàn á kọ́kọ́ ra prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó gbóná jù lọ, á wá máa wá fáànù tó lè ká a lápá kò. Prósẹ́sọ̀ Ryzen 9 7950X dára púpọ̀, ṣùgbọ́n wáàtì 170 ni AMD, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kọ sí i lára, ó sì lè fa tó 230 bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣé heatsink (irin tó ń gba ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀) tí kò ga ju mìlímítà 37 lọ lẹ fẹ́ fi tu ìyẹn lára? Kò jọ ọ́. Ryzen 7 7700 ní kọ́ọ̀ mẹ́jọ, wáàtì 65 ló wà lára tirẹ̀, kì í sì í kọjá 88 bí ẹ kò bá fọwọ́ kan ètò rẹ̀. Fún ẹni tó ń gba ohùn, tó sì ń gé fídíò níwọ̀nba, ìyẹn tó, ó tún ṣẹ́kù. Bí ẹ bá sì ti ra èyí tó gbóná, kò tíì bàjẹ́: ẹ wọ BIOS (ojú ewé ètò tí ẹ lè wọ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn), ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Eco Mode sí, èyí tó ń dín iná tí prósẹ́sọ̀ ń fà kù, kí ẹ tan án. Agbára tí ẹ máa pàdánù kò tó ooru tó máa lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni graphics card, káàdì tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán. RTX 4060 ń jẹ wáàtì 115, RTX 4070 ń jẹ 200, gbogbo rẹ̀ ló sì ń di ooru nínú àpótí kékeré yẹn. Ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ MSI Afterburner fa power limit rẹ̀ (òdiwọ̀n iná tó lè jẹ) wálẹ̀ sí ìdá 75 tàbí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ tún ṣe iṣẹ́ tí ẹ máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ojú lè má rí ìyàtọ̀ kankan. Etí á gbọ́ ọ.

Ẹ má gba èsì àyẹ̀wò tí àwọn ará òkè òkun ń gbé jáde bó ṣe wà. Inú yàrá tó wà ní nǹkan bíi 20 sí 22 °C ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń yẹ heatsink wò. Yàrá tí kò ní AC ní Abẹ́òkúta lóṣù Ẹrẹ́nà máa ń kọjá 30 °C láìjanpata. Heatsink kò sì lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fà wọlé lọ. Bó bá jẹ́ pé prósẹ́sọ̀ máa fi 50 gbóná ju yàrá lọ, ẹni tí yàrá rẹ̀ jẹ́ 21 á rí 71. Ẹ̀yin tí tiyín jẹ́ 32, 82 lẹ máa rí, fáànù yín á sì ti máa ké nígbà tí tirẹ̀ kò tíì mí. Kí ẹ tó rajà, ẹ fi bíi 10 lé gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá kà.

Ojú kì í ṣe tépù o. Motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́) tó wọ́pọ̀ jù nínú kéèsì kékeré ni Mini-ITX, tí ilé iṣẹ́ VIA gbé jáde ní 2001: mìlímítà 170 lóròó, 170 níbùú. Àwọn èèyàn á wo ìyẹn, wọn á wo gígùn graphics card, wọ́n á sì gbàgbé gíga. Heatsink Noctua NH-L9i, tòun ti fáànù rẹ̀, ga ní mìlímítà 37. NH-L12S ga ní 70. Kéèsì tó gba ti àkọ́kọ́ lè má gba èkejì, bó ti wù kó dà bíi pé àyè ṣì kù. RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) tí wọ́n fi irin olówó ńlá ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sí lórí lè gbé heatsink sókè tí kò fi ní jókòó dáadáa. Power supply (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ SFX gùn ní mìlímítà 100, SFX-L gùn ní 130. 30 tó wà láàárín wọn yẹn ni ibi tí gbogbo wáyà yín fẹ́ kó sí.

Bí graphics card yín bá ń lo ẹnu iná tí wọ́n ń pè ní 12VHPWR, ẹ jẹ́ kí wáyà rẹ̀ jáde tààrà tó mìlímítà 35 kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì rí i pé ìlẹ̀kùn kéèsì kò tì í. Nígbà tí RTX 4090 jáde ní 2022, ẹnu wáyà àwọn kan yọ́, ara ohun tí wọ́n sì rí ni pé wọn ò tì í wọlé dé ìdí. Nínú kéèsì tó há, tí ọwọ́ ò wọ̀, ó rọrùn láti ṣe irú rẹ̀. Ẹ tún yẹ ẹ̀yìn motherboard wò: ọ̀pọ̀ Mini-ITX ló ní ibi tí SSD kan (ohun tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ yín sí) ń gbé níbẹ̀, ẹni tó bá gbàgbé á tú gbogbo ẹrù sílẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ fáànù wá ń kọ́. Àwọn èèyàn gbà pé bí fáànù bá ṣe kéré níye ni ìdákẹ́jẹ́ á ṣe pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fáànù méjì tó dọ́gba, tí wọ́n ń yí bákan náà, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 3 péré ni èkejì fi kún ariwo àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dín ìyára fáànù kan kù sí ìlàjì, ariwo rẹ̀ lè wálẹ̀ tó bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 15. Fáànù ńlá méjì tó ń yí jẹ́jẹ́ ló sàn ju kékeré kan tó ń sá bí ẹni tí ajá ń lé. Kí ẹ tó de síkúrù, ẹ wo ojú fáànù: ẹ̀gbẹ́ tó ní àwọn apá tó di mọ́tò mú ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tí fáànù méjèèjì inú rẹ̀ dojú kọ ara wọn, tí ẹni tó ni ín ń bẹnu àtẹ́ lu thermal paste, ọ̀rá tí wọ́n ń fi sáàárín prósẹ́sọ̀ àti heatsink.

Bí fáànù bá sún mọ́ irin oníhò tó ń gba ibẹ̀ fa afẹ́fẹ́ jù, á máa súfèé. Etí á rò pé fáànù ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ àyè díẹ̀ ló ń wá. Ẹ fi rọ́bà tó nípọn bíi mìlímítà 5 sáàárín wọn, kí ẹ tún gbọ́ ọ wò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé àwọn èèyàn á ra fáànù gidi tán, wọn á fi ètò tó bá BIOS wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Prósẹ́sọ̀ òde òní, ẹ kàn ṣí ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ooru rẹ̀ á fò láti 45 lọ sí 65 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á tún já wálẹ̀. Fáànù tó ń tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ á máa ké, á dákẹ́, á tún ké. Ariwo tó ń lọ sókè sódò yẹn ni kì í jẹ́ kí ọkàn balẹ̀. Etí tètè máa ń gbàgbé èyí tó wà lójú kan. Ẹ wọ ibi ètò fáànù nínú BIOS. Ẹ jẹ́ kí ó wà lójú kan, ní ìyára tí ẹ kò gbọ́ láti orí àga yín, títí ooru á fi tó bíi 70 °C. Lẹ́yìn náà ni kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí motherboard yín bá ní ibi tí wọ́n ti ń yan ìdádúró, ẹ yan ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí fífò kékeré má baà dé ọ̀dọ̀ fáànù rárá. Iṣẹ́ tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ nìyí, ó sì máa ń yanjú ọ̀rọ̀ tí àwọn míràn ń tìtorí ẹ̀ ra fáànù tuntun.

Fóòmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara kéèsì láti inú? Ẹ fi sílẹ̀. Nínú kéèsì ńlá, ó lè wúlò. Nínú kékeré, àyè afẹ́fẹ́ ló ń jẹ.

Àwọn tó fẹ́ gé kéèsì ní tiwọn, sùúrù ni kí wọ́n fi ṣe é. Ẹ má gbé dírìlì sí kéèsì tí motherboard ṣì wà nínú rẹ̀, kódà bó jẹ́ ihò kan péré lẹ fẹ́ lu. Ẹ̀rún irin kékeré tí ojú ò rí lè bọ́ sábẹ́ motherboard, kó so iná méjì tí kò yẹ kó pàdé pọ̀. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ lẹ tépù bébà mọ́ ojú irin náà, orí tépù ni kí ẹ ti fi bírò sàmì, kí dírìlì má baà yọ̀ kó sì ha ọ̀dà. Fáànù 120, mìlímítà 105 ló wà láti àárín ihò síkúrù kan sí èkejì. Ti 140 jẹ́ 124.5. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá gé e tán, ẹ fi fáìlì ha etí rẹ̀ títí tí kò fi ní gé yín lọ́wọ́, kí ẹ sì fi rọ́bà yí i ká níbi tí wáyà bá máa gbà. Ẹ fọ kéèsì náà, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ohunkóhun tó padà síbẹ̀.

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo èyí tó kù, ẹ má gbàgbé èyí: wáyà power supply kan kì í ṣe ti òmíràn. Ẹnu tó wọ SSD tàbí motherboard bára mu níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ẹnu kejì, tó wọ ara power supply fúnra rẹ̀, kò sí òfin tó dè é. Ilé iṣẹ́ kan náà lè yí i padà láti irú kan sí èkejì. Á wọlé wẹ́rẹ́, kò ní há, á sì gbé 12 fólítì (volt) lọ síbi tí SSD ti ń retí 5. Iṣẹ́ ọdún mélòó kan lè bá a lọ. Oníṣòwò tó bá sọ fún yín pé "wáyà ni wáyà", ẹ kí i dáadáa, kí ẹ máa lọ. Bí ẹ bá fẹ́ wáyà kúkúrú tó yẹ kéèsì kékeré, èyí tí wọ́n ṣe fún irú power supply tí ẹ ní gan-an ni kí ẹ rà.

Bí kéèsì yín bá ń lo wáyà riser láti gbé graphics card sẹ́yìn motherboard, tó sì jẹ́ ti PCIe 3.0 (ìran kẹta ọ̀nà tí káàdì àti motherboard fi ń bára sọ̀rọ̀), ẹ yan Gen 3 nínú BIOS; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú kọ̀ǹpútà lè dúdú tàbí kó máa dá dúró lójijì. Ẹni tó fẹ́ lo olómi, èyí tó ń fi omi gbé ooru prósẹ́sọ̀ lọ, kó má jẹ́ kí pọ́ǹpù rẹ̀ wà lókè ju radiator (ibi tí omi náà ti ń tutù) lọ. Afẹ́fẹ́ tó bá wà nínú omi náà á gòkè lọ bá a, pọ́ǹpù á sì máa kùn.

Ọ̀rọ̀ iná ilé wa kò ṣeé fò. Inverter tó jẹ́ modified sine wave (tí ìgbì iná rẹ̀ kò dán) lè mú kí power supply máa kùn bí oyin nínú ilé tó dákẹ́, òmíràn tiẹ̀ lè pa ara rẹ̀ kú pátápátá bí iná NEPA bá lọ tí inverter gbà á. Pure sine wave, tí ìgbì iná tirẹ̀ dán, ni kí ẹ lò. Àwọn míràn á ra fáànù olówó gọbọi, wọn á wá máa rò pé òun ló ń dún.

Eruku ọyẹ́ náà wà ńbẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì tó ṣeé yọ sójú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí fáànù tó ń fà wọlé sì lágbára díẹ̀ ju èyí tó ń tì jáde lọ, kí eruku má baà gba àárín àlàfo kéèsì wọlé. Ẹ máa yọ nẹ́ẹ̀tì náà fọ̀ léraléra lásìkò ọyẹ́. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú kúrò, ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà, kí ẹ sì fi ìka di abẹ́ fáànù mú, kí afẹ́fẹ́ má baà yí i ju bó ṣe yẹ lọ kó sì ba ìdí rẹ̀ jẹ́.