Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Pípa Àwòrán Àjọyà Mọ́

Owó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àárín tí gbogbo fóònù ń bá sọ̀rọ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tí ó ní àjọyà, níbi tí ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń jọ ya àwòrán kan náà lórí fóònù wọn, ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ń fi ṣòfò ti ń bí mi nínú. Gbogbo wọn ni ó mọ bí a ṣe ń fi WebSocket, ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tó máa ń ṣí sílẹ̀ láàárín fóònù àti sáfà, gbé ìlà tí ìka yà láti ojú fóònù kan dé òmíràn. Ohun tí wọn kò tíì gbà ni pé ìlà tí ó hàn lójú fóònù ẹlòmíràn lè má tíì sí níbi ìpamọ́ kankan.

Èkíní, ẹ má ṣe fi àwòrán sílẹ̀ sínú ìrántí sáfà nìkan. Bí ó bá jẹ́ Redis, dátábéèsì tí ń pa nǹkan mọ́ sínú ìrántí, ni ẹ ń lò, ẹ tan AOF rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ìyípadà lórí díìsìkì, nítorí pé kì í tan fúnra rẹ̀.

Èkejì ni ó ń dùn mí jù. Ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá gbé ìka kúrò lójú fóònù, áàpù wọn yóò sọ odindi àwòrán di PNG, ìyẹn fáìlì àwòrán, yóò sọ PNG di base64, ìyẹn fáìlì tí a fi lẹ́tà lásán kọ, níbi tí báìtì mẹ́ta ti ń di mẹ́rin, yóò sì kó gbogbo rẹ̀ lé ti àtijọ́ lórí nínú dátábéèsì. Àdánù owó kọ́ ni ó burú jù níbẹ̀. Ṣáájú Ojúde Ọba, mo jókòó ti aránṣọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bí òun àti akọ̀wé régbérégbé kan ṣe jọ ń ya agbádá tí ẹgbẹ́ yóò wọ̀. Aránṣọ ń ya iṣẹ́ ọrùn, akọ̀wé ń gé apá kúrú lórí fóònù tirẹ̀. Bí ti akọ̀wé ṣe dé sáfà gbẹ̀yìn, iṣẹ́ ọrùn pòórá. “Bọ̀ọ̀dá, ọrùn tí mo yà dà?” ni aránṣọ bi mí, bí ẹni pé èmi ni mo kọ áàpù náà. Ẹni tí ó kọ ọ́ ní kí ẹnì kan máa dúró kí ẹnì kejì yà tán. Kí wá ni ó ń pè ní àjọyà?

Ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ tọ́jú, pẹ̀lú nọ́mbà ìdánimọ̀ tí fóònù fún un, ẹni tí ó yà á, àwọ̀ rẹ̀, bí ó ṣe nípọn tó àti àwọn ojú-àmì tí ó gbà kọjá. Kí sáfà fún un ní nọ́mbà ìtẹ̀léra. Kí dátábéèsì má sì ṣe gba nọ́mbà ìdánimọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, torí fóònù tí nẹ́tíwọ̀kì já mọ́ lọ́wọ́ yóò tún ìlà kan náà fi ránṣẹ́. Nígbà tí ìlà bá pọ̀, ẹ ya ẹ̀dà odindi àwòrán sọ́tọ̀, kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé má baà máa gba ìlà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ nọ́mbà ìlà tí ẹ̀dà náà parí sí sí i lára. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, ìlà kan yóò sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, òmíràn yóò di méjì.

Ẹ má ṣe fi aago fóònù to ìlà tẹ̀léra; nọ́mbà ìtẹ̀léra tí sáfà fún un ni kí ẹ lò.

Bí ẹnì kan bá pa ìlà rẹ́, ẹ tọ́jú ìparẹ́ náà bí ẹ ṣe tọ́jú ìlà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà yóò tún gbé e padà wá.

Ẹ sì dín ojú-àmì kù kí ẹ tó fi wọ́n pamọ́. Ojú fóònù sábà máa ń ka ìka ní nǹkan bí ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọ̀pọ̀ nínú ojú-àmì wọ̀nyí kò sì yí ìrísí ìlà padà rárá. Àwọn onímọ̀, Ramer ní 1972, Douglas àti Peucker ní 1973, ti kọ ọ̀nà tí a fi ń yọ wọ́n sílẹ̀; ọ̀nà náà dàgbà ju èmi tí mò ń ṣe àgbà lé yín lórí lọ.

Ó ku àmì “a ti pa á mọ́” tí ẹ máa ń kánjú tàn. Ní àdúgbò tí iná ti lè lọ láàárín ìlà méjì, kí ìlà wà nínú IndexedDB, ibi ìpamọ́ inú bùráúsà fóònù, títí sáfà yóò fi dáhùn pé dátábéèsì ti gbà á. Kí ẹ tó gbé áàpù fún aránṣọ, ẹ pa sáfà lójijì nígbà tí ènìyàn méjì ń yà lọ́wọ́, ẹ tan án padà, kí ẹ sì ka ìlà tí ó ṣẹ́kù mọ́ èyí tí fóònù wọn sọ pé ó ti wọlé.