Téèpù, ìwé kékeré, ẹsẹ̀ méjì: bí a ṣe ń kọ ìròyìn fún ìwé ìròyìn ìlú wa

Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ oníbàárà ni mo fi wọn gọ́tà tó wà níwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Jíjìn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 47. Mo bẹ olùkọ́ kó pe ọmọ kan wá láti kíláàsì kìíní, mo wọn òun náà: ínṣì 44. Gọ́tà ga ju ọmọ lọ, kò sì sí ohunkóhun lórí rẹ̀.

Kí n tó lọ wọ̀n ọ́n, mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ pé "gọ́tà náà jìn púpọ̀, ó sì léwu fún àwọn ọmọ wa." Olóòtú pè mí. Ó ní, "Màmá, ó jìn tó báwo? Ẹni tó ń kà á ní Ọ̀mùò, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀?" Ó dùn mí díẹ̀, torí mo rò pé mo ti kọ ọ́ dáadáa. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo fi téèpù kọ́rùn, mo lọ. Ínṣì méjèèjì yẹn ni wọ́n fi ṣe àkọlé ìròyìn náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé kọnkéré bò ó.

Aránṣọ ni mí, n kò kọ́ iṣẹ́ ìròyìn níbì kankan. Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá tó ń ti Èkó wá kì í sì í rántí wa àfi nígbà ìbò. Ta ni yóò wá kọ̀wé nípa ọjà wa àti omi wa bí kì í bá ṣe àwa tí à ń gbé ibẹ̀? Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 náà kọ nípa ẹni tó kú, ẹni tí wọ́n bí àti ẹni tó ṣe ìrìbọmi. Ọ̀rọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ.

Ohun tí mo fi ń mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ ní kíkọ kò le. Bí oníbàárà mẹ́ta bá béèrè ohun kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pé kí ló dé tí iná kò tíì dé, pé èló ni wọ́n ń gba owó ìtajà báyìí, mo mọ̀ pé ìròyìn wà níbẹ̀. N kì í jókòó kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ fi gbólóhùn méjì ránṣẹ́ sí olóòtú: ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ti wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dìde lọ síbẹ̀. Ẹ mú ìwé kékeré dání, kí ẹ má fọkàn tán fóònù nìkan, torí bátìrì a máa kú. Ẹ ka ohun tó ṣeé kà, ẹ wọn ohun tó ṣeé wọ̀n. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sókè ojú ewé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ẹ má méfò orúkọ ènìyàn. Èmi máa ń fún ẹni náà ní bírò kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ sínú ìwé mi, kó sì pè é kí n gbọ́, kí n lè fi àmì sí i bó ṣe yẹ. Ẹ béèrè bóyá ó joyè, torí ní ilẹ̀ Èkìtì níbí, ẹni tó joyè tí ẹ pè ní Ọ̀gbẹ́ni, gbogbo ìdílé rẹ̀ lẹ rí fín. Ti ìlú náà ńkọ́? Adó-Èkìtì kì í ṣe Ìdó-Èkìtì, Ọ̀yẹ́ kì í sì í ṣe Ọ̀yọ́. Bí ìyá àgbà bá sọ fún yín pé "ulé" òun jó, ẹ má sọ ọ́ di "ilé" fún un. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì bá olóòtú sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kó má baà rò pé àṣìkọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣì ń dùn mí. Lọ́dún kan, oníbàárà kan jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní akápò ẹgbẹ́ ọlọ́jà kan ti ná owó bóòhóòlù. Ẹlòmíràn wá, ó sọ bẹ́ẹ̀ náà. Mo kọ ọ́ pé "àwọn ọlọ́jà ń béèrè ibi tí owó wọn wọlẹ̀ sí," n kò sì dé ọ̀dọ̀ akápò. Ọjọ́ kejì tó jáde, ó gbé rìsíìtì wá bá mi, ó tò wọ́n sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ omi náà ló gba owó tí kò padà wá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, mo sì ṣe ohun tó ní ká má ṣe. A tẹ àtúnṣe sí ojú ewé kan náà tí ìròyìn wà, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ó ń kí mi báyìí, àmọ́ kò gbé aṣọ wá mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn, ẹ wá a dé ilé. Bó bá kọ̀ láti sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ pé ẹ wá a, ẹ sì sọ iye ìgbà tí ẹ lọ.

Bó bá jẹ́ ìwé ìjọba lẹ fẹ́ rí, òfin tó fún ará ìlú láàyè láti béèrè fún un ti wà ní Nàìjíríà láti 2011. Ọjọ́ 7 ni wọ́n fi gbọ́dọ̀ dáhùn, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín. Ẹ má gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà kan.

Nígbà tí ẹ bá jókòó kọ ọ́, ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Àwa ènìyàn wa fẹ́ràn ká kọ́kọ́ kí kábíyèsí, ká kí àwọn èèkàn ìlú tó péjú pésẹ̀, ká sọ pé ayẹyẹ náà lárinrin. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ọ̀rọ̀ 400 tó fún ìròyìn kan. Ẹ kà á sókè fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni mo ń kà á fún, ibi tó bá ti ní "Ẹ̀n, màmá?" ni mo ń tún ṣe.

Fọ́tò: ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún. Ti ọmọdé, ẹ gba àṣẹ òbí kọ́kọ́.

Olóòtú yóò gé e. Ó gé ìdajì ìròyìn gọ́tà mi, ìdajì tó kù ló ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń parí ojú ewé níbi tí mo ń kọ̀wé sí, ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń fi tèmi ránṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀, fún ojú olóòtú nìkan. Lẹ́yìn náà, n kì í pa fóònù mi títí Ajé fi máa kọjá, torí ó máa pè.