Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì LPN Ṣe Lè Rí Owó Ìrànwọ́ ní Amẹ́ríkà
Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ LPN (Licensed Practical Nurse, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó nọ́ọ̀sì àgbà tàbí dókítà), kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ béèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ náà wà lára àwọn tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fún owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé bí kò bá sí lára wọn, FAFSA, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè owó ìrànwọ́ náà, kò ní wúlò fún yín níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni kíkọ fọ́ọ̀mù náà. Ẹ yẹra fún ẹni tó bá ń gbowó lórí rẹ̀. FAFSA ló ń ṣílẹ̀kùn Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tí a kì í sábà dá padà, tí ó lè tó $7,395 ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025 fún aláìní tí kò tíì gba dìgírì àkọ́kọ́. Ẹ tún béèrè owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ WIOA (òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń pèsè owó fún kíkọ́ iṣẹ́) ní American Job Center, ọ́fíìsì tó ń ran àwọn tó ń wá iṣẹ́ lọ́wọ́; ó jẹ́ ọ̀nà tí kò yẹ kí ẹ fojú fò rárá. Àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń san owó ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ wo iye ọdún tí wọ́n máa fi dè yín mọ́ iṣẹ́ kí ẹ tó buwọ́ lùwé.