Bí mo ṣe ń fọ ìbọn ṣakabùlà mi

Ẹ̀yin ọdẹ Iléṣà, ẹ yé gbé ìbọn kọ́ ògiri láìfọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ ki ọ̀pá bọ ẹnu rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó kanlẹ̀, torí ẹ̀tù lè ṣì wà nínú ẹ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ló ń fọ̀ ọ́, iyọ̀ tí ẹ̀tù dúdú fi sílẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra, tèmi dípẹtà láàárọ̀ ọjọ́ kejì péré lásìkò òjò torí mo ní màá fọ̀ ọ́ lọ́la. Ẹ fi àkísà wé ọ̀pá, ẹ máa tì í wọlé, ẹ máa fà á jáde títí á fi mọ́. Ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé ńkọ́? Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń yọ tèmi. Tó bá gbẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ nu ún kúrò kẹ́ ẹ tó tún kì í o, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò ní dún.